Pásíwọ́ọ̀dù Ilé Ìwòsàn

Bí nọ́ọ̀sì àgbà ṣe tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, ló káwọ́ lérí. Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Ẹnìkan ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Inú kọ̀ǹpútà yìí sì ni gbogbo àkọsílẹ̀ aláìsàn wà, torí ilé ìwòsàn abúlé náà ò lo fáìlì mọ́. Obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́, dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, abẹ́rẹ́ kan sì wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ nígbà tó bí àkọ́bí. Ìyàwó ò rántí orúkọ abẹ́rẹ́ náà, ọkọ ò rántí, dókítà ò sì lè dán an wò.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìsípẹ́kítọ̀ obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tojúbọ̀ọ́. Kò sí ohun tí ojú obìnrin yìí kì í tó; ẹ bi ọkọ rẹ̀ léèrè.

"Ta ló mọ pásíwọ́ọ̀dù yín?"

"Èmi, dókítà àti apòògùn nìkan, Ọ̀gá," ni nọ́ọ̀sì wí.

Apòògùn ti ń làágùn. "Ọ̀dọ̀ àna mi ni mo sùn, Ọ̀gá, ẹ pè wọ́n. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé o."

"Mi ò tíì mú ọ̀bẹ jáde. Nọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Mo máa ń pariwo bi apòògùn láti ibí. Òun náà á pariwo dá mi lóhùn."

Tojúbọ̀ọ́ jáde sí gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn jókòó sí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ pásíwọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn yìí, kó nawọ́."

Ọwọ́ lọ sókè yanturu. Ìyá arúgbó kan tó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò tiẹ̀ dìde. "Àlàáfíà ni, ọmọ mi. Ẹ wá fi ení, èjì, ẹ̀ta sí i nídìí."

Ẹ̀rín sọ. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bojú.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ò nawọ́: atúnkọ̀ǹpútàṣe kan tó ní ẹ̀yìn ń dun òun, tó ti ń jókòó sítòsí tábìlì nọ́ọ̀sì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Èmi? Mi ò gbọ́ ọ rí."

"Etí ìyá yìí ti ń di, ó gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́nu nọ́ọ̀sì, tí kọ̀ǹpútà sì jẹ́ iṣẹ́ yín, ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kì í purọ́ ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀yin lẹ tì í, kí wọ́n lè fowó pè yín wá ṣí i."

Ọkọ aláboyún dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Ìyàwó mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Aláboyún kẹ̀? Mi ò mọ̀. Iṣẹ́ ló dá, ẹni tébi ń pa kì í gbọ́ wàásù." Ó sáré dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Dókítà ka orúkọ abẹ́rẹ́, ó sì yára wọlé. Tojúbọ̀ọ́ kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí atúnkọ̀ǹpútàṣe lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò mú un lọ. Gbogbo wọn jọ dúró síbẹ̀, wọ́n ń retí.

Ọmọ ké. Nọ́ọ̀sì yọjú tẹ̀ríntẹ̀rín. "Obìnrin ni o."

"Ìyá ọmọ ńkọ́?" Ẹni tó wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè.

"Ó ń bá dókítà jà pé kó gbé ọmọ òun fún òun."

Bàbá ọmọ bú sẹ́kún ayọ̀, ó dì mọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ó sì ń dúpẹ́. Atúnkọ̀ǹpútàṣe ni.