Ewu Wo Lẹ Ń Kí Mi Kú?

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, bí ènìyàn bá ti ìrìn àjò jíjìn dé, a kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá nǹkan ṣe é lọ́nà kí a tó kí i. "Ẹ kú ewu" ni a ó wí, òun náà á sì fèsì pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin kan wà ní Ṣàpọ́n tí kò gbà kí wọ́n kí òun bẹ́ẹ̀.

Olújìmí ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Jìmí Sìmẹ́ńtì ni gbogbo ìgboro mọ̀ ọ́n sí. Sìmẹ́ńtì Ewékorò ló ń tà, nígbà tí gbogbo ayé ń kọ́lé, tí sìmẹ́ńtì sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Àwọn ọlọ́lá ìlú ń bẹ̀ ẹ́ kí ó tó tà fún wọn. Ó wá rò pé kò sí ohun tó ju agbára òun lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣàjèjì sí i. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un láti kékeré, òun ló sì ra fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àlùfáà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ìjọ kúnlẹ̀, Jìmí á kàn tẹ orí ba lórí àga ni, kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà rún. "Kí ni mo fẹ́ bẹ Ọlọ́run fún?" ni yóò wí. "Ohun tí mo bá fẹ́, mo ń rà á."

Ní ọdún 1981, ó gbọ́ nípa ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n fi ń gbafẹ́. Kò kó ẹrù, kò kó epo, ènìyàn nìkan ló ń kó. Ó ń gbéra ní Àpápá, ó ń dé Àkrà, ó ń dé Dàká, á sì padà. Wọ́n ní ijó wà nínú rẹ̀, wọ́n ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà lókè rẹ̀. Kò tí ì sí ará Ṣàpọ́n tó wọ irú rẹ̀ rí, èyí nìkan sì ti tó fún Jìmí. Ó dá aṣọ funfun láti òkè délẹ̀, ó mú Adépéjú ìyàwó rẹ̀, ó di ibùdókọ̀.

Dìran sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò. Tíṣà ni Dìran, ọ̀rẹ́ Jìmí láti kékeré, onígbàgbọ́ tòótọ́ sì ni.

"Jìmí, jẹ́ ká gbàdúrà kí ẹ tó lọ."

"Dìran, ìwọ tí ò ń gun kẹ̀kẹ́ ni kó o máa gbàdúrà. Ọkọ̀ tí mò ń lọ wọ̀, irin ni."

Irin ni lóòótọ́, irin tó ti dípẹtà. Yàrá tó ní fèrèsé sí òkun, tí wọ́n fi hàn án nínú àwòrán, ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kó tọkọtaya náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ké. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ gbẹ, àga tó ti ṣẹ́ ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Oúnjẹ tutù, kò níyọ̀. Inú bí Jìmí. Ó pe ọ̀gá kan nínú ọkọ̀, ó na àyà, ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ mí? Èmi ni Jìmí Sìmẹ́ńtì!" Ọkùnrin náà wò ó, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n kúrò ní Àkrà, òkun yí padà. Aṣọ funfun di aṣọ èébì. Lọ́sàn-án gangan, ẹ́ńjìnnì dákẹ́, iná kú, ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá wọn. Wọ́n fa ilẹ̀kùn títí, kò ṣí. Jìmí pariwo orúkọ ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Nígbà náà ló kúnlẹ̀ sínú omi, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. "Jésù, gbà mí! Jésù, má jẹ̀ẹ́ kí n kú síbí!"

Kò pẹ́, ẹnìkan fi irin já ilẹ̀kùn láti òde, wọ́n fà wọ́n sókè. Ọkọ̀ mìíràn wá wọ́ ọkọ̀ náà padà sí Àkrà. Bí ẹsẹ̀ wọn ṣe kan ilẹ̀ gbígbẹ, Jìmí nu ojú.

"Péjú, a ò rí nǹkan kan o."

"Bàbá Wùnmí, ṣebí Ọlọ́run ló . . ."

"Mo ní a ò rí nǹkan kan!"

Mọ́tò ni wọ́n wọ̀ wálé. Dìran ló kọ́kọ́ wọlé wá kí wọn. "Jìmí, o kú ewu o!"

"Ewu wo lò ń kí mi kú? Ìgbádùn ni mo lọ jẹ. Kí mi kú ìgbádùn!"

Ó wá di orin lẹ́nu rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti ní, "Ẹ kú ewu," Jìmí á ní, "Ewu wo?" Á wá máa ròyìn fèrèsé tí kò rí, àti odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò wẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà kò mì, ó dúró digbí bí Olúmọ. Nígbà tí Adépéjú ní kí àwọn lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ̀ jálẹ̀. "Ẹni tó bá dúpẹ́ ewu ti gbà pé ewu wà."

Ṣùgbọ́n bí mọ́tò rẹ̀ bá gun afárá Láfẹ́nwá, tó bá rí odò Ògùn nísàlẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Dìran rí i.

"Jìmí, kí ló ṣẹlẹ̀ lójú omi?"

"Kò sí."

"Bí kò bá séwu, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó yọ ẹ́."

"Kò sẹ́ni tó yọ mí!" Ó fi ìbínú sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbádùn oúnjẹ mọ́, nítorí ó mọ Ẹni tí òun ṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò rẹ̀ Olúṣẹ́gun wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú Adérónkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí oyún inú rẹ̀ ti yọ. Èrò kún ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó wù wá o! Èmi àti Rónkẹ́ ti gbàyè nínú ọkọ̀ yẹn. Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà."

Jìmí wo oyún náà. Ó tún rí omi tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bí ó bá sọ̀rọ̀, iyì rẹ̀ tán ní Ṣàpọ́n. Bí ó bá dákẹ́, ó lè pa àbúrò rẹ̀ lọ́mọ. Adépéjú ń wò ó.

"Ẹ má lọ," ni Jìmí wí.

"Kí ló dé, Bọ̀ọ̀dá?"

"Irọ́ ni mo pa. Ọkọ̀ burúkú ni. Omi ká wa mọ́ yàrá. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo ké pe Jésù, ó gbà mí. Mo délé tán, mo ní n ò mọ̀ ọ́n."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adérónkẹ́ ní tirẹ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ewu o."

Jìmí fẹ́ sọ pé, "Ewu wo?" gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, omijé ni kò jẹ́. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni ó wí.

Ó ránṣẹ́ pe Dìran. "Kí ni kí n ṣe?"

"O ti mọ àdúrà náà, ojú omi lo ti gbà á," ni Dìran wí. "Ó yọ ẹ́ lọ́wọ́ òkun. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ńkọ́? Jésù yìí kan náà ló kú lórí àgbélébùú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Tún pè é."

Jìmí kúnlẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, nínú eruku sìmẹ́ńtì. Kò wo ṣòkòtò rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ ìgbéraga rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì dìde ní ẹni ìgbàlà.

Àwọn ẹlẹ́yà sọ ọ́ ní Jìmí Ẹlẹ́kún. Ojú kò tì í. "Èmi náà ni!" ni ó máa ń dá wọn lóhùn. "Mo sunkún, Ẹni tí mo sunkún sí sì gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń gbọ́ tiyín?"

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má bínú, mo fẹ́ kí ọ: o kú ewu. O lè ní, ewu wo? O kò wọ ọkọ̀ òkun, ara rẹ le, ọjà rẹ sì ń tà. Jìmí náà wí bẹ́ẹ̀. Ìgbà mélòó ni àìsàn ti dá ọ dùbúlẹ̀, tí mọ́tò ti takìtì tí o jáde láàyè, tí o ké pe Olúwa, tí ara wá rọ̀ ọ́ tán tí o gbàgbé? Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí omi, orúkọ rẹ kò sì lè ṣílẹ̀kùn náà.

Ẹni tó lè ṣí i wà lẹ́nu ọ̀nà. Má ṣe ká ìwé yìí sápò pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Jẹ́ kí aṣọ rún.