Òkun Wọ Mọ́tò Dé Oǹdó

Tìbínú-tìbínú ni mo fi dé Oǹdó lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Yọ̀mí. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Iṣẹ́ mi ní Àkúrẹ́ ni pé kí n máa ṣọ́ bí omi òkun ṣe ń ṣàn. Sátẹ́láìtì ń wo òkun láti òkè, àmọ́ wíwò láti òkè nìkan ò tó. A ní láti ju ẹ̀rọ sínú omi gan-an kó wá jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rọ náà rí roboto bí igbá ńlá, ó ń léfòó, aṣọ gígùn kan sì so mọ́ ọn nísàlẹ̀ kó lè jẹ́ pé omi ló ń wọ́ ọ lọ, kì í ṣe atẹ́gùn. Wákàtí wákàtí ló ń fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí wa.

Mẹ́fà la jù sókun. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọ̀kan kúrò lójú omi, ó gba Òkìtìpupa, ó ń sáré lọ ní ọgọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan.

Ọ̀gá wa, Dókítà Ògúnníyì, tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà títí. Wọ́n ní, "Kàdíjátù, òkun ti wọ mọ́tò. Lọ mú un wá."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Yábà, ní Oǹdó, ni àmì orí fóònù mi dúró sí. Wọ́n ń tún bátìrì àti sólà ṣe níbẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó, ó fi aṣọ ẹ̀rọ wa ṣe ìbòjì!

"Ẹ káàsán, àǹtí. Bátìrì ni àbí sólà?"

"Òkun ni mo bá wá. Abẹ́ aṣọ rẹ̀ lẹ jókòó sí yẹn."

Ó gbójú sókè. "Yéè! Dẹ́rẹ́bà ẹlẹ́ja kan ló tà á fún mi láti Ìgbọ́kọ̀dá. Ó ní apẹja ló rí i he. Bátìrì inú ẹ̀ ni mo fẹ́, mi ò tíì tú u."

"Ká ní ẹ tú u ni, ẹ̀ bá mọ̀ mí lónìí."

"Ó ṣì wù mí kí n mọ̀ yín," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ pòṣé, ẹ̀rín ló jáde. Ẹ̀rín burúkú náà ló kó bá mi.

Yọ̀mí lorúkọ rẹ̀. Ó ní omi iyọ̀ ti fẹ́ máa wọ inú ẹ̀rọ náà, ó sì bá wa dí i. Láti ìgbà yẹn, gbogbo Sátidé ló ń wá sí Àkúrẹ́ wá "yẹ̀ ẹ́ wò". Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò sí ẹ̀rọ tó kù láti dí mọ́, ó ṣì ń bọ̀. Bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà ní Ọjà Ọba, ní ẹni tó bá lè fara da ẹnu mi, àwọn ti fi mí fún un.

Kò sí wàhálà kankan, àfìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ màmá Yọ̀mí.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbé àwo ọwọ́ wọn kalẹ̀. Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ni ọkọ̀ ojú omi dojú dé pẹ̀lú ọkọ wọn, ní ìkọjá Ìgbọ́kọ̀dá.

"Omi ti gba ọ̀kan nílé yìí," ni wọ́n wí. "Tó o bá fẹ́ ọmọ mi, fi omi sílẹ̀."

Bá a ṣe jáde ni Yọ̀mí di ọwọ́ mi mú. "Kàdí mi, jẹ́ ká sọ fún wọn pé ọ́fíìsì lo wà báyìí. Wọn ò ní í mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti màmá lọ. "Yọ̀mí, mo fẹ́ràn rẹ ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ. Àmọ́ mi ò ní í fi irọ́ wọlé ọkọ."

Nígbà tó ku ọ̀la kí èmi àtàwọn ará ibi iṣẹ́ mi wọ ọkọ̀ ojú omi, mo dá nìkan padà lọ bá màmá. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, mò ń lọ sójú òkun lọ́la láti Ìgbọ́kọ̀dá, ọjọ́ márùn-ún. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàdúrà fún mi."

Wọ́n wò mí. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Mo sunkún láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, gbogbo èrò ọkọ̀ ń bá mi kẹ́dùn òkú tí mi ò sin.

Lójú òkun, mò ń ju ẹ̀rọ, mò ń kọ bí omi ṣe ń yára tó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Mo ti gbà pé ó ti tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún la gúnlẹ̀ sí Ìgbọ́kọ̀dá. Yọ̀mí ni mo kọ́kọ́ rí létí omi. Màmá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di òpó igi mú, wọ́n dijú pinpin.

"Ó ti dé, Màmá. Ẹ lajú." Ó yíjú sí mi. "Láti àárọ̀ la ti wà níbí. Mo ti jẹ́wọ́ fún wọn pé èmi ni mo ní kó o purọ́, pé ìwọ lo kọ̀."

Màmá fọwọ́ kàn mí lójú, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, bí ẹni ń wò ó bóyá mo pé.

"A jà láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá Yọ̀mí lọ," ni wọ́n wí. "Mo tilẹ̀kùn mọ́ wọn, mi ò kí wọn pé ó dàbọ̀. Ìgbà tí mo tún wá ṣe é fún ọ, oorun ò kùn mí mọ́."

"Màmá…"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mi ò ní í fẹ́ràn omi láéláé. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó o bá ń lọ, ilé mi ni wàá ti jáde, èmi ni màá sì sìn ọ́ sọ́nà. Ṣé o gbọ́, ìyàwó mi?"