Dáwọ́dúró Méjì Nínú Ọpọlọ Kan

Omi kọ̀, kò dúró. Ní oko abẹ́ gíláàsì tó wà ní ìlú Agbede, lórí òṣùpá, ó ti bo ebè iṣu mọ́lẹ̀. Alàgbà Ọ̀jẹ́wùmí, olórí oko, pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé, "Dáwọ́dúró."

Omi ń ya lọ.

"Bóyá etí ti di í, sà," ni Akíntáyọ̀, igbákejì rẹ̀, wí.

"Etí tìrẹ ló di. Dáwọ́dúró. Mo ní dáwọ́dúró."

Àká àṣẹ ni wọ́n ń pe àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Inú ọpọlọ ìlú, tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ Agbede, ni wọ́n ń ṣí i sí. Ọ̀jẹ́wùmí ló kọ àká oko, kí ìlú tó ní ilé ìwòsàn rárá. Nígbà tí ilé ìwòsàn dé, Dókítà Arínpé gbé àká tirẹ̀ wá láti ayé. Dáwọ́dúró wà nínú méjèèjì. Ti oko ń pa ẹ̀rọ omi. Ti ìwòsàn ń pa ẹ̀rọ amúnimí, nígbà tí aláìsàn bá ti lè dá mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Arínpé kúnlẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ilé síwájú àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Oko-Dáwọ́dúró, Ìwòsàn-Dáwọ́dúró. Èyí tí a bá ṣí kẹ́yìn máa ń bo ti ìṣáájú mọ́lẹ̀."

"Ta ni kò mọ̀ mí nílùú yìí, tí màá fi máa dárúkọ ilé bàbá mi?" ni Ọ̀jẹ́wùmí dáhùn.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ yín."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀jẹ́wùmí kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá ṣì wà lọ́dọ̀ wa o," ni Arínpé wí. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọ̀jẹ́wùmí, ni Ìyá tó ń wí. Òun nìkan ló wà lórí ẹ̀rọ amúnimí.

Ìgbìmọ̀ dá ẹjọ́ àgbà fún àgbà: kí àká Ọ̀jẹ́wùmí kọ́kọ́ wọlé, kí ti ọmọdé tẹ̀lé e. Arínpé dìde, kò jiyàn. Àárọ̀ ọjọ́ tí omi kọ̀ yìí ni wọ́n ṣí wọn bẹ́ẹ̀.

Akíntáyọ̀ wọ inú omi lọ, ó fi ọwọ́ yí ẹnu páìpù pa. Ó ń gbọn aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Arínpé dé. Kò kúnlẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń pe Dáwọ́dúró?"

"Èmi ni. Omi ò gbọ́."

"Tiwa la ṣí kẹ́yìn, ilé ìwòsàn ló ń gbọ́ ọ. A tan ẹ̀rọ Ìyá, ó dákẹ́. A tún un tàn, ó tún dákẹ́. Nígbà tó yá, kò sí ìdí láti tún un tàn mọ́."

Ọ̀jẹ́wùmí ń wo omi.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ pè é?" ni Arínpé bi í.

"Mi ò kà á."

Akíntáyọ̀ mọ iye rẹ̀.