Ohùn Màmá Tí Wọ́n Ń Lò Nílé

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí ní àlá, ẹnu tirẹ̀ ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì wà láàyè, àfi ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, a ó sì dórí ìyẹn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo ń sọ ọ́, n kò fi àbùmọ́ kankan sí i.

Àbígbẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é nílé, torí òun ni ìyá rẹ̀ bí kẹ́yìn. Nílùú òkèèrè tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Aṣọ ló ń lọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, nísàlẹ̀ ilé pátápátá, níbi tí kò ti sí fèrèsé. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun ló máa ń wà níwájú rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ooru á bò ó. Ariwo ẹ̀rọ á dí i létí. Bó bá délé tó dùbúlẹ̀, etí rẹ̀ á ṣì máa hó yee.

Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé òkèèrè rí, ẹ mọ ohun tíyẹn jẹ́. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan jáde kúrò nílùú yẹn, kò ní lè wọ̀ ọ́ mọ́. Nítorí náà ni ọdún ṣe ń gorí ọdún tí kò fojú kan ìyá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn: kó tún rí Màmá lójúkojú, lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó pẹ́ jù.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì kan. Páìpù bẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, omi gba gbogbo ilẹ̀. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Àbígbẹ̀yìn kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Látìgbà tó ti dé ibẹ̀, kò tíì ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ra búrẹ́dì, ó ra ẹja, ó gba ilé lọ. Oòrùn ti ń wọ̀. Bó ṣe gun àtẹ̀gùn dókè, ó rí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tó jókòó lé báàgì kékeré kan.

Màmá ni.

Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Màmá ń rọra gbá a lẹ́yìn. Ara wọn gbóná bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn. Ìpara tí wọ́n ti ń lò látijọ́ ló ń rùn lára wọn.

"Ta ló mú yín wá? Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ wá?"

"Ṣílẹ̀kùn ná. Ìdí ń ro mí."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni tí ọmọ jòjòló ń sùn nítòsí rẹ̀. Ó ya Àbígbẹ̀yìn lẹ́nu. Tíṣà ọmọ jẹ́léósinmi ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá pe ọmọ kan lágbàlá iléèwé, gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa ń dáhùn.

"Kí ló ṣe ohùn yín, Màmá?"

"Wọ́n ń lò ó nílé."

Àbígbẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Àwàdà kì í kúkú wọ́n lẹ́nu Màmá. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bùrọ̀dá òun ló ṣètò ìrìn-àjò náà láti fi ya òun lẹ́nu, torí bùrọ̀dá fẹ́ràn irú ẹ̀. Ó ní òun á pè é bílẹ̀ bá mọ́. Kò pè é. Ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí.

Màmá wọlé, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀.

"Yàrá rè é, àbí kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn bèèrè ni."

Wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹja yẹn tán. Màmá tún ní kó fún àwọn sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ sì tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Ilé pa lọ́lọ́. Àbígbẹ̀yìn ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń mí, wọlé, jáde. Etí rẹ̀ kò hó rárá. Bó ṣe sùn lọ nìyẹn, oorun tí kò sùn rí látìgbà tó ti kúrò nílé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá ní irun rẹ̀ kò dáa tó ohun téèyàn ń gbé káàkiri. Wọ́n jókòó sórí àga. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Bó bá sọ pé ó dun òun, Màmá á fi òòyà gbá a lórí. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé àyà ń dùn ún.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí.

"Àbígbẹ̀yìn, ṣé dáadáa lo wà? Màmá fẹ́ kí ọ."

Kó tó lanu, ohùn náà ti dé.

"Ọmọ mi! Ṣé o ti jẹun?"

Ohùn Màmá ni. Ó dún kedere. Ohùn tó ń pe ọmọ lágbàlá iléèwé gan-an ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ Màmá dúró nínú irun rẹ̀.

Ẹ̀rọ omi ń kán, tó, tó. Àbígbẹ̀yìn kò lè yíjú padà. Ẹ̀rù ń bà á pé tí òun bá wẹ̀yìn, òun ò ní bá ẹnì kankan níbẹ̀.

"Dá a lóhùn," ni ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo... mo ti jẹun, mà."

"Ó dáa," ni ohùn inú fóònù wí. "Olúwa á máa ṣọ́ ọ. Ìwé rẹ á jáde. Wàá wálé, wàá bá mi láyé."

"Àmín," ni Màmá wí lẹ́yìn rẹ̀.

Nǹkan kan jábọ́ lọ́hùn-ún, ó ró gbàmù. Lẹ́yìn náà, ìpè já.

Ọwọ́ Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í di irun, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Màmá, ta nìyẹn?"

"Àǹtí rẹ ni. Wọ́n ní kó máa ṣe é ni. Má bá a jà. Tẹrí ba, jàre."

Kò sẹ́ni tó mọ Màmá sín jẹ bí Àǹtí. Látijọ́, á dúró sílé ìdáná, á fi ohùn wọn kígbe pé ẹ wá fọ abọ́, gbogbo wọn á sì fò dìde. Àbígbẹ̀yìn sì mọ ìdí tí wọ́n á fi ní kó ṣe é. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? A kì í túfọ̀ fún ọmọ tó dá wà lókèèrè lórí fóònù. Wọ́n á ní ẹni náà ń wẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á ní ó ti sùn, títí wọ́n á fi rẹ́ni tó máa lọ jókòó tì í. Òun fúnra rẹ̀ ti parọ́ bẹ́ẹ̀ rí fún ọmọ àbúrò bàbá wọn. Ó wá rántí pé ó ti ṣe díẹ̀ tóun ti rí ojú Màmá lórí fóònù. Wọ́n ní fóònù tó ń gbé àwòrán ti bàjẹ́.

Ìbéèrè dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó dá a lójú pé bóun bá bèèrè, Màmá á dìde lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òpin ọ̀sẹ̀ náà kò tíì tán. Ẹ dá a lẹ́jọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́. Ní tèmi, n kò ní bèèrè.

Ọjọ́ Àìkú, wọ́n jáde. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ ilé bọ́ fìlà, ó kí Màmá. Màmá nawọ́ sí ọ̀fun wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì tẹ orí ba fún un.

"Ìyá rẹ ni," ni bàbá náà wí. "Ojú kan náà lẹ ní."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Àbígbẹ̀yìn nínú. Wọ́n lọ sétí odò tó la ìlú kọjá. Ó ra áísìkiriìmù fún Màmá, ó kán sí wọn láṣọ, wọ́n bú ìlú náà, wọ́n bú ẹni tó ṣe é, wọ́n sì lá a tán. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọmi. Pẹ́pẹ́yẹ kan gun òmíràn lẹ́yìn, Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín náà kò dún. Èjìká wọn nìkan ló ń mì. Àbígbẹ̀yìn sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé kò sí ọjọ́ tó dùn tó o láyé òun. Ó ń sọ ọ́, ó ń sunkún.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Màmá gbé báàgì wọn. Wọ́n jọ dúró níbùdókọ̀.

"Ẹ má lọ."

"Iṣẹ́ rẹ lọ́la ńkọ́?"

"Mi ò lọ."

"Wàá lọ."

Bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀ lókèèrè. Ó di aṣọ wọn mú.

"Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ fi ohùn yín gan-an pè mí."

Màmá lanu. Ọ̀fun wọn lọ sókè, ó lọ sílẹ̀. Kò sí ohun tó jáde. Wọ́n fọwọ́ nu ojú ọmọ, wọ́n nu tiwọn, wọ́n wọkọ̀. Ó rí wọn lójú fèrèsé títí bọ́ọ̀sì fi yà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tọkọtaya kan tí wọ́n mọ bùrọ̀dá rẹ̀ wá sílé. Wọn ò fẹ́ mu omi. Ọkọ ń wo ilẹ̀.

"Mo mọ ohun tẹ́ ẹ wá sọ," ni Àbígbẹ̀yìn wí. "Ìgbà wo ni?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Ó ti lé lóṣù mẹ́rin. Wọ́n ti sin wọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà bá a bí ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wó lulẹ̀, ìyàwó sì dì í mú. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n pe bùrọ̀dá, wọ́n gbé fóònù sí i létí. Bùrọ̀dá ní kó má bínú, ó ní àwọn fẹ́ kí ìwé rẹ̀ jáde ná. Ó ní ìdí tí àwọn fi sọ ọ́ báyìí ni pé Àǹtí kò ṣe é mọ́. Látọjọ́ Sátidé tí fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fọwọ́ júwe.

"Ẹ gbé e fún Àǹtí, kẹ́ ẹ jáde," ni Àbígbẹ̀yìn wí.

Ilẹ̀kùn pa dé lọ́hùn-ún. Ó ń gbọ́ èémí.

"Àǹtí, èmi ni. Mi ò bínú. Màmá ní kí n má bá yín jà."

Èémí náà dúró.

"Àbígbẹ̀yìn."

Ohùn Màmá ni.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi yẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò lọ," ni ohùn náà wí. "Mo ti mu omi gbígbóná. Mo ti wúkọ́ títí. Tèmi ò padà wá. Ìgbàkigbà tí mo bá lanu, Màmá ni. Àwọn ọmọ mi á máa sá fún mi bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Gbà mí. Bá mi bẹ Màmá kí wọ́n wá gbà á."

Ó yẹ kó tù ú nínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìyà ló ń jẹ ẹ́, torí rẹ̀ ló sì ṣe ń jẹ ẹ́. Ó mọ gbogbo ìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dijú, ó tẹ fóònù mọ́ etí.

"Àǹtí," ló wí, "ẹ má tíì dákẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́kún. Bí Màmá ṣe máa ń sunkún gan-an ló ń sun ún.

Ó ṣì ń pè é títí dòní, pàápàá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wúwo. Àǹtí kì í kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Á máa bẹ̀ ẹ́ títí ni.