Orúkọ Tó Ń Padà Sílé

Ọ̀sán gangan ni Fàtáì já wọlé láti èbúté, òógùn bò ó. Ó ní, "Ìyàwó, mo dé o. Kí lo fẹ́ bá mi sọ?"

Ràfíátù, aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó wò ó lójú. "Èmi? Mi ò pè yín o, ọkọ mi."

"O pè mí. Ẹ̀yìn àwọn kòǹtánà ni ohùn rẹ ti wá. O ní, 'Féè.' Mo sì dáhùn."

Ọwọ́ Ràfíátù dúró nínú ẹ̀wà. Ní gbogbo Kútọnu, òun nìkan ló ń pe Fàtáì ní Féè.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni, bó bá ti ṣáájú ìyàwó dé ilé, ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Nígbà tí Ràfíátù dé, Ìyá Rasidat, ìyáálé ilé, gbà á nímọ̀ràn pé kó pe Fàtáì ní Eyínfúnjowó, torí bí ọmọkùnrin náà bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ojú rẹ̀ a tàn. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa ka ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́léèjì kan ní àdúgbò Cadjèhoun, orúkọ àwọn ará Ṣakété, ìlú wọn, kò sì tó o. Ó na ọwọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, ó mú ọ̀rọ̀ kan jáde: fey. Lóde òní, ẹni tó ṣe fúyẹ́ tó sì dùn ún wò, tó dà bí ẹni tí kì í ṣe ará ayé tán, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó bá Fàtáì mu rẹ́gí. Lẹ́nu rẹ̀, ó di Féè.

Ràfíátù mọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà, ó kọ́ ọ ní yunifásítì. Láyé àtijọ́, ẹni tí ikú ti sàmì sí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fey. Nígbà tó yá, ó di orúkọ ẹni tí ayọ̀ àyọ̀jù ṣàdédé mú, tí àwọn àgbà ń wò tí wọ́n ń mi orí, nítorí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí ikú tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló di ẹni tó ń rí ohun tí ojú lásán kò rí, kó tó wá rọ̀ di ti òní. Ràfíátù rò pé àwọn ìtumọ̀ àtijọ́ ti kú. Kò mọ̀ pé wọ́n kàn kó kúrò nílé ni.

Ó wá ń rántí. Nígbà òjò, Fàtáì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá àgbà kan lórí àtẹ̀gùn, ẹlòmíràn kò sì rí bàbá kankan. Wọ́n fi ṣẹ̀rín. Lọ́sẹ̀ yìí, ó ń jó láìsí orin. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún ọlọ́kadà tó gbé e wálé, ó sì kó bàtà fún aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ náà ń gba ọ̀nà tó gbà wá padà sílé, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì kù fún un: ikú. Ẹ̀rù ba Ràfíátù dé egungun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Fàtáì, Ràfíátù àti Ìyá Rasidat wà ní ilé ìdáná. Ohùn kan gba ẹ̀yìn ògiri wá. Ó kọ́kọ́ húkọ́ díẹ̀, bí Ràfíátù ṣe máa ń ṣe kó tó pe ènìyàn.

"Féè."

Fàtáì la ẹnu. Ràfíátù fi ọwọ́ tó fi ń gé àlùbọ́sà bò ó lẹ́nu. Ìyá Rasidat wo ìyàwó tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ògiri, ó sì rọra gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Irú orúkọ wo lo fún ọmọ yìí jẹ́?" Ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ọ́.

Ràfíátù sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú omijé.

"Ìyàwó ló fún un, ìyàwó náà ló lè gbà á," ni Ìyá Rasidat wí. "Ṣùgbọ́n orúkọ kì í dúró lófìfo. Bí kò bá rí ẹni jẹ́ ẹ, ọ̀dọ̀ Fàtáì náà ni yóò padà sí."

Ràfíátù gbójú sókè. Ó rí àgbò Iléyá tí wọ́n so mọ́ ìdí igi lágbàlá. "Ìyá, ẹni tí ikú ti sàmì sí ti wà nílé yìí tẹ́lẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ níwájú Fàtáì, ó fi iyọ̀ àti oyin tọ́ ọ lẹ́nu bíi ti ọmọ tuntun, ó pè é ní Eyínfúnjowó. Fàtáì dáhùn. Ràfíátù wá lọ bá àgbò náà, ó tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, ó ní, "Féè." Àgbò gbọn etí.

Ohùn náà tún dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ẹ̀. "Féè." Fàtáì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Nínú àgbàlá, àgbò dáhùn: "Bẹ̀ẹ̀ẹ̀." Wọ́n gbọ́ ìró bàtà tó rìn dé ìdí igi, tó sì dúró. Àgbò gbé ojú sókè sí ibi tí kò sí ènìyàn kankan, ó ń wo ibẹ̀ bí ẹni tó rí olúwa rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti ń fò, tó ń jó yí igi ká.

Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí wọ́n ní "Bísímílà", àgbò náà kò jà rárá. Ràfíátù sá sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sunkún ayọ̀ títí ara fi tù ú pẹ̀sẹ̀. Fàtáì jẹ ẹran àjẹyó, ó sùn fọnfọn. Nígbà tó jí, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ń wá ọlọ́kadà tó bọ́ aago fún kiri gbogbo Kútọnu. Ìyá Rasidat rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún. Ó ní ara ọmọ òun ti yá.

Títí di òní, bí Ràfíátù bá pe Eyínfúnjowó, kì í dáhùn àfi tó bá kọ́kọ́ yọjú rí i. Inú kì í bí Ràfíátù sí i. Òun pàápàá, kó tó pe ẹnikẹ́ni nílé yẹn, a kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ti fi ohùn òun pè é.