Ohùn Kan Nínú Orin Tí Kò Ní Akọrin

Orin náà kò ní akọrin. Àwọn tó ṣe é ti kọ ọ́ sára páálí tí wọ́n fi dì í pé ọkùnrin mẹ́rin làwọn, gìtá, báàsì, dùùrù àti ìlù, àti pé kò sí ẹni tó la ẹnu níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Elétí ka ohun tí wọ́n kọ yìí kó tó gbé orin náà sétí. Síbẹ̀, nígbà tí orin dé àárín, tí ìlù dákẹ́, tí dùùrù rọlẹ̀ bí ẹni tó ń mí lójú oorun, ó gbọ́ obìnrin kan tó ń pe ẹnì kan láti ọ̀nà jíjìn.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní sí ara rẹ̀ pé, "Ẹ wo àwọn ọmọ yìí. Wọ́n fi ẹnì kan pa mọ́ síbẹ̀."

Elétí kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tó fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì ló fi í pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju ti ilé lọ. Kì í ṣe rọ́ọ̀kì kúkúrú tí wọ́n fi ń polówó ọtí ni tirẹ̀ o. Èyí tí wọ́n ń pè ní onítẹ̀síwájú ni: orin tó gùn bí ìrìn àjò, tí ìlù rẹ̀ ń yí padà kí ẹsẹ̀ tó bá a mu, tí èèyàn gbọ́dọ̀ jókòó tì bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Àwọn ọ̀dọ́ olórin láti ibi gbogbo ló ń fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí i. Á gbọ́ ọ, á kọ àgbéyẹ̀wò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á so orin náà mọ́ ọn, á sì pín in fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń dúró de ẹnu rẹ̀. Bó bá ní ó dára, ó dára náà nìyẹn. Bó bá ní kò dára, ọ̀pọ̀ ló ti ta gìtá wọn nítorí gbólóhùn kan péré.

Ó ní ìlànà kan tó fi ń yangàn. Bó bá ti gbé hẹ́ẹ̀dífóònù ńlá dúdú yẹn sétí, kò ní í yọ ọ́ títí orin yóò fi tán, kò sì ní í dìde lórí àga títí yóò fi kọ èrò rẹ̀ tán, kó tó tutù. Ó máa ń wí pé, "Ẹni tó bá dìde láàárín orin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a lẹ́jọ́." Lọ́jọ́ kan òjò gba ojú fèrèsé wọlé, ó rin ín lẹ́yìn gbindingbindin, kò mira. Ó kọ ìyẹn náà síta, àwọn èèyàn sì yìn ín.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ iye tí ìyìn yẹn ń ná ilé. Aránṣọ ni. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ló ti ń ránṣọ, bí ọkọ kò bá sì gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, orin ló wà létí ọkọ.

Ó ti bi í rí pé, "Baálé mi, bí ilé yìí bá gbiná, ṣé ẹ ó gbọ́ orin yín tán kẹ́ ẹ tó jáde?"

Elétí ní, "Ó kù sí bí orin náà bá ṣe dára sí."

"Bí kò bá wá dára ńkọ́?"

"Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìró iná dùn jù ú lọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un níka. Ohun tí obìnrin ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ nínú ilé ọkọ kò kéré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí orin aláìlákọrin yìí dé, ó yọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé àyà. Ó ní láti òwúrọ̀ ni nǹkan ti ń fún òun láyà. Elétí ti gbé hẹ́ẹ̀dífóònù lé ọrùn nígbà yẹn. Ó ní, "Lọ fara balẹ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ èyí tán, a ó jọ lọ rí dókítà." Obìnrin náà wò ó díẹ̀, ó ní ó dára, ó padà sẹ́yìn ilé.

Ìgbà náà ló gbé orin sétí, tó sì gbọ́ ohùn yẹn. Ohùn náà pè lẹ́ẹ̀kan. Ó sinmi. Ó tún pè, ohùn náà rẹlẹ̀ sí i, bí ìgbà tí ẹni tó ń pè bá ti ń lo èémí tó kù. Irun ọwọ́ Elétí dìde. Ó di ojú, ó sì yí orin náà sókè kó lè gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn dá, ìlù padà, gìtá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí òkè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, orin parí. Kò yọ nǹkan létí. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ gbá-gbá bó ṣe máa ń ṣe. Ó kọ ọ́ pé: "Ohùn obìnrin tó wà láàárín orin yìí ló dára jù nínú ohun tí mo ti gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Kò pariwo, kò bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń pè mọ̀ pé wọn kò ní dá òun lóhùn." Ó kà á, ó dùn mọ́ ọn. Ó so orin mọ́ ọn, ó gbá bọ́tìnnì kan, ó tẹ̀ ẹ́ lọ síta.

Òùngbẹ ló gbé e dìde. Kó tó dé ilé ìdáná ló ti ń gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn láìsí ẹni tó ń lò ó. Ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ àga mú, ó dojú kọ ọ̀nà yàrá ọkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, "Ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni." Ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹbí pé, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, àgbàlagbà tó tọ́ ọ dàgbà, jókòó síwájú Elétí, ó wò ó lójú.

"Ọkọ àbúrò mi, ṣé kò pè ọ́ ni?"

"Kò pè mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Àbúrò mi yìí? Ẹni tí yóò pe oníṣòwò ní ìgboro, tí tilé-toko yóò dáhùn?"

"Ó lọ jẹ́ẹ́ ni. Kò pe ẹnikẹ́ni."

Ọmọbìnrin Elétí, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ìlú mìíràn, ojú ọ̀nà ló sì ti ń sunkún bọ̀. Ó bi bàbá rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Bàbá ní, "Ìyá rẹ kò jẹ̀rora, kò sì pè." Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló fi ń rí oorun sùn lẹ́yìn ìsìnkú. Òun nìkan náà ni bàbá fi lè gbé ojú sókè wo ọmọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀kan nínú àwọn olórin náà, èyí tó ń tẹ dùùrù, pè é lórí fóònù. Ó kí i kú ìrọ́jú, ó dúpẹ́, ó ní orin àwọn ti ń rìn dé ibi tí àwọn kò lérò.

"Bàbá, ẹ má bínú. Obìnrin wo lẹ sọ pé ó wà níbẹ̀?"

"Èyí tó ń pè láàárín. Ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀."

"Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀, Bàbá. Dùùrù mi nìkan la gbà sílẹ̀ níbẹ̀." Ohùn ọmọkùnrin náà wálẹ̀. "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tẹ́ ẹ ti pín in, àwa náà ń gbọ́ ọ."

Elétí gbé orin náà sétí. Ó dé àárín. Ìlù dákẹ́, dùùrù rọlẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ, ó tún dá a padà. Ibi tí ohùn náà wà tẹ́lẹ̀ mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n fọ̀ tán.

Ó pa àgbéyẹ̀wò rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ohun tó ti wọ ẹgbẹ̀rún etí, ọwọ́ ta ni yóò yọ ọ́? Ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àdúgbò kọjá, orin náà ló ń dún níbẹ̀. Bó ṣe dé àárín, abẹ dúró lójú afẹ́fẹ́. Ọkùnrin kan tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀ gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ dá obìnrin yìí lóhùn, ẹnì kan kẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ kó tó kú. Onígbàjámọ̀ rí Elétí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ kúuṣẹ́ o. Irú èyí lẹ máa ń dá gbọ́ látẹ̀yìnwá?" Elétí dúró láàárín wọn, kò gbọ́ ju dùùrù lọ.

Lẹ́tà ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí omi. Wọ́n ń yin ohùn náà. Àwọn kan ní ohun tó tẹ̀ lé e tún dára jù: ìlù gbígbẹ kékeré kan tí kò tẹ̀ lé ìlànà kankan, tó ń sáré, tó ń dúró, tó tún ń sáré, àti afẹ́fẹ́ kan tó ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Elétí ka ìyẹn, ó pa kọ̀ǹpútà dé, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan láì ránṣẹ́ ṣáájú. Kò kúnlẹ̀. Ó jókòó, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì.

"Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń gbọ́ ọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí mo ti mọ ohùn náà."

"Orin ni, ọmọ mi. Àwọn olórin máa ń..."

"'Baálé mi' ló ń pè, Bàbá mi. Ta ló tún ń pe ọkọ rẹ̀ báyẹn, pẹ̀lú ohùn yẹn?"

Elétí yíjú sí fèrèsé.

"Ẹ ní kò pè yín."

"Mo rò pé inú orin ló wà. Mo fi Ọlọ́run búra, mo rò pé inú orin ló wà."

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ó dùn." Ó nu ojú rẹ̀. "Ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá. Èèyàn lè ṣi ohùn gbọ́, mo lè dárí ìyẹn jì yín. Ohun tó tẹ̀ lé e ni."

Ó tan orin náà. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tábìlì, ó ń tẹ̀ lé ohun tí bàbá rẹ̀ kò gbọ́. Ó sáré, ó dúró, ó tún sáré.

"Ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Wọ́n ní ìlù ni. Ìka yín méjèèjì ni, lórí kọ̀ǹpútà. Ìró yẹn ni mo fi ń sùn láti kékeré, ẹ ò lè fi tàn mí." Ìka rẹ̀ kò dúró. "Afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo ti jókòó ti àwọn tó ń lọ, Bàbá mi, iṣẹ́ mi ni. Mímí ni. Ó ń mí ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi ń kọ ọ́. Ó ń dúró dè yín pé ẹ ó kọ ọ́ tán."

Ó gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Èyí lẹ fi tẹ̀ ẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni mímí náà dúró."

Elétí na ọwọ́ gán-án, ó gbé hẹ́ẹ̀dífóònù rẹ̀, ó dè é mọ́ orí, ó tan orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré." Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí títí etí fi ń ro ó. Ó di ojú. Dùùrù rọlẹ̀, ó sì ń tẹ́tí sí ibi òfìfo yẹn bí ẹni tó ń wo inú kànga. Kò sí ìpè. Kò sí mímí. Ìlù padà, gìtá gun òkè, kò yọ ọ́ létí, nítorí ó rò pé bóyá ìparí rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ nǹkan.

Nígbà tí orin tán tó la ojú, wọ́n ti ti àga ọmọ rẹ̀ mọ́ ìdí tábìlì. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Ọmọ náà wà láàyè, àlàáfíà ló wà. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó béèrè, ó ní ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ó kí bàbá rẹ̀ pé ó dìgbóṣe, ó tún un sọ, bàbá kò yíjú. Ọmọ náà kò pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù mọ́. Bí Elétí bá pè é, fóònù á dún títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Orin náà ṣì ń rìn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ń kọ̀wé sí Elétí pé obìnrin méjì ló wà níbẹ̀, àgbà ń pe ọkọ rẹ̀, èwe ń dágbére fún bàbá rẹ̀. Wọ́n ní òun tó mọ orin gbọ́ jù, kó jọ̀ọ́ bá àwọn dá a lẹ́jọ́: èwo ló dùn jù nínú ohùn méjèèjì?