Èso Tó Wà Nínú Mọ́tò Àlejò

"Ṣé erin máa ń wá síbí?"

Bí ẹni ń béèrè iyọ̀ ni àlejò náà ṣe béèrè é. Ọwọ́ Dechamma sì dúró gbagidi lórí àwo tó ń gbé kalẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Ponnavva, wà nílé ìdáná, ó ń bu ọbẹ̀ ọ̀mùnú ọparun. Bó tilẹ̀ wà nítòsí, èdè Híńdì tí àwọn àlejò yìí ń sọ kò fi bẹ́ẹ̀ yé e. Dechamma nìkan ló lè dáhùn. Ó wo Vaidehi tó béèrè, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Mihika ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, tó ń fi ìka yí ìrẹsì róbótó inú àwo rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù.

"Rárá, Àǹtí. Inú igbó lọ́hùn-ún ni tiwọn. Wọn kì í dé ọ̀dọ̀ wa."

"Ó dáa. Ọkàn mi balẹ̀," ni Vaidehi wí. "Níbi tá a sùn lánàá, ọ̀bọ ló jí bàtà ọkọ mi."

"Ẹsẹ̀ kan ló jí," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. "Ìkejì bá mi délé yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dechamma náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí ètè ni ẹ̀rín rẹ̀ mọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, erin kan wọ oko kọfí wọn, ó sì fa igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tu lẹ́yìn ilé ìdáná gan-an. Òun àti ìyá rẹ̀ ló kó ìmí rẹ̀ dànù.

Biddappa, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan nílùú, ló kó o láyà jẹ. Vaidehi yìí, ará ìlú Pune, ohun tó ń ṣe ni kó máa kó ọkọ àtọmọ kiri òtẹ́ẹ̀lì àti ilé àwọn tó ń gba àlejò, kó wá kọ ohun tó bá fojú rí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí aṣọ ibùsùn bá dọ̀tí, á kọ ọ́. Bí omi ìwẹ̀ bá tutù, á kọ ọ́. Bí onílé bá lawọ́, á kọ ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í di ẹrù àfi tí wọ́n bá ka tirẹ̀.

"Obìnrin yẹn ò ṣeé fi ṣeré o," ni Biddappa sọ lórí fóònù. "Tó bá fi lè kọ ọ́ pé erin ń wá sílé yín, ẹ ti wọ gàù. Ata lẹ ó máa sá sínú yàrá àlejò."

"Tó bá béèrè ńkọ́?"

"O ò lẹ́nu ni? Ní wọn kì í wá. Ọjọ́ méjì péré ló fẹ́ lò. Àbí ta ló lọ sọ fún erin pé ó ń bọ̀?"

Látìgbà tí bàbá Dechamma ti kú, yàrá mẹ́ta tí wọ́n fi ń gba àlejò ló ń bọ́ wọn, òun náà ló ń rán an níléèwé. Ìdánwò ńlá rẹ̀ ku ọdún kan. Bí àlejò ò bá wá mọ́, oko olóko ni ìyá rẹ̀ máa lọ máa ro. Ohun tó ń já a láyà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó tún ti ṣe nǹkan mìíràn, èyí tó burú ju irọ́ ẹnu yẹn lọ.

Lábúlé wọn, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àsìkò halasu nìyẹn, èso ẹlẹ́gùn-ún tó tóbi ju ìkòkò lọ. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ kó pọ́n nítòsí ilé, torí erin a máa gbóòórùn rẹ̀ láti òdìkejì odò, a sì wá jẹ ẹ́. Ní tútù ni Ponnavva ti máa ń gé gbogbo èyí tó bá so láyìíká. Bí àlejò bá sì dé, kí wọ́n tó bu omi fún un, kó tó bọ́ bàtà, onílé gbọ́dọ̀ bi í pé, "Ṣé ẹ ò ra halasu lójú ọ̀nà?" Ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń tà á tò sí etí títì lọ bẹẹrẹ, ará ìlú ńlá kì í sì í rí i kó má rà á.

Lọ́sàn-án yẹn, ìyá rẹ̀ ti ké sí i láti ilé ìdáná pé, "Lọ pàdé wọn. Má gbàgbé ìbéèrè o."

Kò gbàgbé. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì ni. Bó bá bi wọ́n, wọ́n á ní kí ló dé. Kí ló máa wá sọ?

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òjò dá. Dechamma ń gbá ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n máa ń sá kọfí sí, níbi tí mọ́tò àwọn àlejò wà, ló bá gbọ́ òórùn kan. Ó dúró. Òórùn náà dùn, ó sì wúwo, bí oyin tí wọ́n pò mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Wọ́n ṣí gíláàsì mọ́tò sílẹ̀ díẹ̀. Ó yọjú wo inú rẹ̀. Halasu méjì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi aṣọ ìnura wé wọn bí ọmọ tuntun. Ọ̀kan ti là.

Ó fa ilẹ̀kùn. Wọ́n ti tì í pa. Ó wo inú oko kọfí. Kò rí nǹkan kan. Ẹyẹ kankan ò sì ké.

Ó lọ bá Vaidehi níwájú ilé.

"Àǹtí..."

"Kí ló dé, ọmọ dáadáa?"

Ọ̀rọ̀ náà wà létè rẹ̀. "Ṣé ẹ máa mu kọfí?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún tán ni. Ìwọ náà lo gbé e wá."

"Ẹn-ẹ́n. Lóòótọ́ ni."

Ó yí padà. Ó rìn dé ìdí mọ́tò, òórùn yẹn tún kọlù ú, ó sì padà wá. Ọkọ Vaidehi rí i. "Ó ti tún dé o. Ọmọ yìí ò fẹ́ ká fojú ba oorun."

Ìgbà náà ni Ponnavva jáde, fóònù lọ́wọ́. Ó rọra fi èdè wọn sọ̀rọ̀. "Bàbá Somaiah ló pè láti oko tiwọn. Akọ erin kan ti fọ́ ọgbà wọn, ọ̀dọ̀ wa ló sì kọjú sí. Kó àwọn àlejò wọlé. Ṣe é jẹ́jẹ́ o. A dúpẹ́ pé kò sí halasu nílé yìí."

"Màámi..."

"Kí ni?"

Mọ́tò dún nísàlẹ̀, pìn-ín pìn-ín. Mihika ló wà nídìí rẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó fẹ́ mú pẹ́ńsù tó fi ń kun àwòrán.

Dechamma kò dá ìyá rẹ̀ lóhùn mọ́. Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sáré. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé èèyàn kì í sáré níwájú erin, kì í sì í pariwo. Lẹ́yìn àwọn igi tí ìyèré gùn, ohun kan tó rí bí eérú wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun náà ju etí.

Mihika ti ṣí ilẹ̀kùn. Òórùn náà tú jáde. Dechamma di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má sọ̀rọ̀. Tẹ̀ lé mi."

"Pẹ́ńsù mi..."

"Fi sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n fi máa yíjú, erin ti dé orí sìmẹ́ǹtì, ó ti wà láàárín àwọn àti ilé. Wọn ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan. Ohun tó tóbi tó yẹn, bí ológbò ló ṣe rìn. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ilé tí wọ́n ń kó kọfí sí, wọ́n lúgọ sẹ́yìn àpò. Pákó fẹ́lẹ́ ni ilẹ̀kùn rẹ̀.

Gíláàsì fọ́. Irin ké. Láti ojú ihò pákó, Dechamma rí ìyá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù bàbá Mihika mú, ọkùnrin náà ń já, kò sì jẹ́ kó já. Vaidehi fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"O ní wọn kì í wá," ni Mihika sọ kẹ́lẹ́.

"Irọ́ ni mo pa."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

Ọmọ náà rò ó. "Ẹ̀rù kí ni? Kò tíì dé nígbà yẹn."

Erin jẹ halasu àkọ́kọ́, ó jẹ ìkejì. Ó wá rìn wá síwájú ilé kọfí, imú rẹ̀ gígùn wọlé láti abẹ́ pákó, ó ń fà fìn-ìn, fìn-ìn, ó kan àpò, ó kan ẹsẹ̀ Dechamma. Ó gbóná, omi sì wà lára rẹ̀. Dechamma pa ojú dé. Ó gbé ọwọ́ ọmọ náà, tó ń rùn bí halasu, sínú aṣọ ara rẹ̀. Imú náà sì padà sẹ́yìn. Ewé kọfí ṣe wìyẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Nígbà tí wọ́n jáde, Vaidehi gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ponnavva kọjú sí Dechamma. "Sọ fún wọn pé ẹ̀bi mi ni. Èmi ló yẹ kí n fẹnu ara mi bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n dé."

Dechamma gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀. "Màámi ní... ẹ̀bi àwọn ni."

Vaidehi wò ó títí. "Sọ fún ìyá rẹ pé mo gbọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mọ́tò mìíràn wá gbé wọn lọ. Ponnavva ò lè jẹun dáadáa mọ́. Ó máa ń dúró lójú sìmẹ́ǹtì tí gíláàsì fọ́ sí. "Ogbó ti ń dé sí mi," ló máa ń wí. "Àbí mi ò rán ọ létí ìbéèrè lọ́jọ́ yẹn ni?" Dechamma á kàn máa gbálẹ̀ lọ.

Biddappa ló pè pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà ti jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ponnavva jókòó sórí àpótí. "Kà á fún mi. Gbogbo rẹ̀."

Dechamma ń kà, ó ń túmọ̀. "Ó ní yàrá wa mọ́. Aṣọ ibùsùn ń ta sánsán. Omi ìwẹ̀ gbóná. Ó ní òun ò jẹ irú ọbẹ̀ ọparun yín rí." Ìyá rẹ̀ mi orí. "Ó ní erin fọ́ mọ́tò àwọn. Ó ní ẹ̀yin lẹ di ọkọ òun mú, ẹ̀yin ni ò jẹ́ kí òun di opó."

Ìka rẹ̀ dúró lójú fóònù.

"Ṣé ó tán?"

Ojú ìyá rẹ̀ ti ń mọ́lẹ̀ díẹ̀. Bó bá ní "ó tán", kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Kò tíì tán, Màámi. Ó ní, 'Mo bi ọmọbìnrin ilé náà bóyá erin ń wá síbẹ̀. Ó ní rárá. Ọmọ yìí kan náà ló lọ síwájú erin lọ mú ọmọ mi. Mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ rántí nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ọmọ dání, ẹ má tíì lọ síbẹ̀.'" Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Mi ò sì bi wọ́n ní ti halasu. Ẹ rán mi létí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Ponnavva ò nà án, kò bú u. Ó kàn sọ pé, "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bú ara mi." Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná. Ó sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀: "Àlejò tó bá tún dé, ìwọ lo máa pàdé wọn."

Kò sí àlejò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ponnavva lọ ro oko olóko lóòótọ́, Dechamma sì ń bá a lọ ní ọjọ́ tí kò bá sí iléèwé. Ìgbà tí mọ́tò kan yà wọlé, Dechamma ló pàdé wọn lẹ́nu géètì.

"Ẹ káàbọ̀. Erin máa ń wá síbí. Ṣé ẹ ò ra halasu lójú ọ̀nà?"

Àwọn tó wà nínú mọ́tò wo ara wọn. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Ìyá rẹ̀ rí i láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Mọ́tò kejì pẹ́ kó tó dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Dechamma sọ. Bàbá arúgbó kan fọwọ́ họ orí, ó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó gbé halasu kan jáde. "Ìyàwó mi, ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ pé ká má ra nǹkan yìí." Ó kọjú sí Dechamma. "Níbo la máa gbé e sí, ọmọ mi?"

Àwọn àgbà ní bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ó rọrùn lẹ́nu. Òtítọ́ a máa dọ́jà kó kùtà, ẹni tó bá sì ń sọ ọ́ lè pàdánù oúnjẹ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí ẹ̀rù purọ́, ẹ̀rù náà kì í lọ. Ṣe ló máa ń lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá.